Wọ́n Tún Béèrè Orúkọ Àǹtí Mi

Òórùn ẹran sísun ló kọ́kọ́ pàdé mi ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, òórùn panla tẹ̀lé e, kí n tó gbọ́ ohùn ìyá kan tó ń bá oníbàárà rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ owó ẹlùbọ́. "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, mà. Ṣé orí ni mo fi rù ú dé ibí ni?" Oníbàárà ní òun kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Wọ́n ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ti ń bá èkejì gbé ọmọ rẹ̀ dání. Bí òpópónà Rye Lane ṣe rí nìyẹn: iṣu lórí àtẹ, ata rodo nínú abọ́ ike, ìgbín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àǹkárá, ṣọ́ọ̀bù onírun, ṣọ́ọ̀ṣì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Bódìjà ni mo fi ń wọn gbogbo ọjà ayé, Peckham kò sì dójú tì mí.

Àmọ́ kì í ṣe ọjà ló gbé mi dé ibẹ̀. Àǹtí mi, ọmọ ìyá mi tó ti ń gbé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà ìjọba Babangida, fẹ́ lọ pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Orúnkún náà ti fi ojú rẹ̀ rí màbo: ó ti gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tó ń gbá lóru, ó ti kúnlẹ̀ ní ìsọjí, ó ti jó níbi ìnáwó tí kò lóǹkà. Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Mo sì wá pẹ̀lú ìdánilójú kan lọ́kàn. Lójú tèmi, àìsí ló ń pa ènìyàn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nílé wa: àìsí iná, àìsí ẹ̀jẹ̀, àìsí afẹ́fẹ́ inú ìgò, àìsí ẹ̀rọ. Níbi tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà, kí ni yóò tún kù? Mo retí kí n rí ẹ̀rọ tí n kò rí rí, kí n padà wálé wá ròyìn rẹ̀. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó gba ọkàn mi nígbẹ̀yìn kò ní wáyà lára.

Gbogbo Rye Lane ló mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá ẹlẹ́ran ní Jésù fúnra rẹ̀ ni yóò di abẹ mú. Ọkùnrin tó ń ta fóònù ní kó má ṣe é rárá, nítorí ẹnì kan báyìí ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìgò ike kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n rí i pé ó mu ún tán kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ̀jẹ̀ lè "mọ́". Mo gbé e délé. Ìgò méjì irú rẹ̀ ti wà nínú fíríìjì Àǹtí, ó jókòó ti mílíìkì: èèpo igi, atalẹ̀, aáyù, ọsàn wẹ́wẹ́. Àgbo ara ríro.

Nígbà tí a lọ fún àyẹ̀wò tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó ń lo oògùn ìbílẹ̀ kankan. Àǹtí mi mi orí, ó ní rárá. Nọ́ọ̀sì náà wo orúkọ tó wà lórí fáìlì, ó gbé kálámù sílẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ò mu àgbo rárá? Ti ara ríro ńkọ́? Ti jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́?"

Àǹtí mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lọ tú àṣírí. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe oògùn kẹ̀. Àgbo lásán ni."

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní aáyù àti atalẹ̀ tí ènìyàn ń mu lójoojúmọ́ bí oògùn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, àti pé àwọn èèpo igi yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ bí wọn yóò ṣe bá oògùn ìkunnilóorun jà. Kí Àǹtí dá a dúró. Kó sì sọ fún dókítà tó máa kùn ún lóorun bó bá rẹ́nu mu ún síbẹ̀. "Mi ò ní fìyà jẹ yín, mà. Kí n ṣáà ti mọ̀ ni." Mo ronú lórí gbólóhùn yẹn nínú bọ́ọ̀sì padà sílé. Nílé, aláìsàn a máa purọ́ fún dókítà nítorí pé dókítà á bú u. Mo ti rí i lójú ara mi: "Ta ló ní kí ẹ mu ìranù?" Ọjọ́ kejì, aláìsàn á dákẹ́, àgbo á sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí náà wà nílẹ̀. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìrìnnà Àǹtí kọ́ ni ọjọ́ tí ìyá wa bí i. Bàbá wa ló fojú díwọ̀n rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í sílé ìwé. Ó ń ṣe ọjọ́ ìbí gidi pẹ̀lú ìrẹsì àti adìẹ, ó ń lo ti ìwé fún ìjọba. Nígbà tó gbọ́ pé wọn yóò máa béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ka Bíbélì níwájú ìjọ. Mo fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà tó kò, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London Bridge láti wo yàrá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ kan tí wọ́n ní ó wà ní òkè àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé wọ́n ń ṣe àwàdà. Àtẹ̀gùn tóóró tó ń yí bí ìkarahun ìgbín ló gbé mi gòkè, mo sì bá ara mi ní àjà ṣọ́ọ̀ṣì St Thomas, níbi tí olóògùn ilé ìwòsàn St Thomas ti ń sá ewé àti egbò láyé ọjọ́un. Bẹ́ẹ̀ ni o, ewé àti egbò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá ewé sí gan-an ni wọ́n kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ àwọn obìnrin sí ní ọdún 1822. Tábìlì igi ló wà láàárín, àpótí ìyẹ̀fun pákó wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tò yí i ká lórí pèpéle bí òǹwòran eré ìjàkadì. Kò sí ohun ìkunnilóorun; ọdún 1846 ni éédà kọ́kọ́ dé yàrá iṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á di aṣọ mọ́ aláìsàn lójú, àwọn alágbára á dì í mú. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ á wọ kóòtù rẹ̀ àtijọ́ tí ẹ̀jẹ̀ àná àti ti ìjẹta ti mú kó le gbagidi, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara kóòtù ni àmì pé ó mọ iṣẹ́. Ó mọ iṣẹ́ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ á kúrò lára ènìyàn kí èèyàn tó kà dé ibì kan. Ọ̀pọ̀ a sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nítorí ọwọ́ tí wọn kò fọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn fa ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni Joseph Lister. Ní Glasgow, ní ọdún 1865, ó fi kábọ́líìkì wẹ ojú egbò ọmọkùnrin kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gun lẹ́sẹ̀, egungun ẹsẹ̀ náà sì jinná láìjẹrà. Ó kọ ọ́ jáde fáyé kà ní 1867. Ọdún 1877 ló dé Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ìwòsàn King's College, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í ṣẹ̀sín pé ó ń lé kòkòrò tí ojú kò rí. Ilé ìwòsàn yẹn ló kó lọ sí Denmark Hill ní ọdún 1913, ibùdókọ̀ kan péré sí Peckham Rye. Mo jókòó lórí pèpéle onígi yẹn, mo ń rò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Lister, funfun ni, ọkùnrin ni, ó lówó, síbẹ̀ ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà láti mọ́ tónítóní. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ọwọ́ àwọn ọ̀gá ló ń pa aláìsàn ńkọ́? Ta ni ì bá gbọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, aládùúgbò gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin àti ìrẹsì wá. Wọ́n ti ní kí Àǹtí má jẹun láti òru, nítorí oúnjẹ inú ikùn lè gòkè wá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró bí ènìyàn bá ti sùn. Aládùúgbò ní ìyẹn kò kan mọ́ínmọ́ín, omi ni. Èmi ni mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán, mi ò sì kábàámọ̀.

Láàárọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbà wá ní ẹnu ọ̀nà béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru béèrè, ó wo okùn ọwọ́. Ọ̀dọ́ dókítà kan wọlé, ó béèrè orúkọ, ó ní kí Àǹtí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Àǹtí ní, "Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, ẹnu rẹ̀ ni òun fẹ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ wọlé, àgbàlagbà olóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó béèrè ẹsẹ̀ wo. Ó mú kálámù dúdú, ó ya ọfà ńlá kan sórí itan ọ̀tún, èyí tó tọ́ka sí orúnkún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó máa kùn ún lóorun dé, ó tún béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí.

Àǹtí mi yí sí mi, ó ní, "Àwọn ènìyàn yìí, ṣé iyè kò sí nínú wọn ni? Gbogbo kọ̀ǹpútà tó kún ibí!" Ojú ti èmi náà díẹ̀. Mo rò pé èyí ni àmì ilé ìwòsàn tí kò létò: ọwọ́ ọ̀tún kò mọ ohun tí tòsì ń ṣe. Nílé, ọ̀gá kì í béèrè nǹkan tí ó yẹ kó mọ̀. Bí ó bá béèrè, ọkàn aláìsàn á fò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú tíátà, ẹnu Àǹtí ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí pé ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kú, ojú rẹ̀ là. Ó ní wọ́n ti na ẹsẹ̀, wọ́n ti bo ohun gbogbo, nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan gbé ohùn sókè pé kí gbogbo ènìyàn dúró. Wọ́n dúró. Olúkúlùkù dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe. "Ọ̀gá náà dárúkọ! Orúkọ àbísọ lásán, kò fi dókítà kún un, bí ẹni tí tíṣà pè dìde." Ọmọbìnrin náà ní ta ni ẹni tó wà lórí tábìlì, kí ni a fẹ́ ṣe fún un, apá wo ni. Ọ̀gá ní ọ̀tún. Ó ní kí wọ́n wo àmì. Wọ́n ṣí aṣọ, wọ́n wo ọfà. Ó béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara aláìsàn kò gbà, bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò, kí ni ọ̀gá ń bẹ̀rù pé ó lè ṣẹlẹ̀. "Ọmọ yẹn kò tó ọmọ mi àbíkẹ́yìn," ni Àǹtí ń wí, "gbogbo wọn sì ń dá a lóhùn."

Inú ìwé kan ni ọmọbìnrin náà ti ń ka àwọn ìbéèrè rẹ̀, ìwé náà sì ní ìtàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló gbé e jáde ní ọdún 2008. Atul Gawande, oníṣẹ́ abẹ ní Boston tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Íńdíà, ló ṣíwájú àwọn tó ṣe é. Ojú ewé kan ni, ohun mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sì ń dúró kà á: kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí abẹ tó kan ara, kí aláìsàn tó kúrò nínú yàrá. Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ, láti Toronto àti Seattle dé Manila, New Delhi àti Amman. Lọ́ńdọ̀nù wà nínú rẹ̀. Ifakara náà wà nínú rẹ̀, ìlú kékeré ní Tanzania. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2009, iye àwọn tó ń kú ti sọ̀kalẹ̀ láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8, iye àwọn tí nǹkan ń wọ́ fún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì kúrò ní 11 sí 7. Lóṣù yẹn kan náà ni ìjọba pàṣẹ fún àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n máa lò ó. Tábìlì kan náà, abẹ kan náà, dókítà kan náà. Ìwé kan àti ẹnu tó ń kà á ni wọ́n fi kún un.

Èyí ló kọ́kọ́ mi ìdánilójú mi. Ẹni tó wá parí rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tíátà kan, ọmọ ìjọ Àǹtí, tó ní kí a pàdé ní ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá Rye Lane. Ó kọ́ iṣẹ́ ní Iléṣà, ó ṣe é nílé fún ọdún díẹ̀, ó sì ti pẹ́ nínú tíátà níhìn-ín. Àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì, ewédú, ṣàkì. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró bó ti ń sọ̀rọ̀.

Mo bi í ní ohun tó yàtọ̀ jù. Mo rò pé yóò ní iná ni. Ó ní, "Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Iléṣà ni mo fi ń jẹun níbí. Wọn ò tún un kọ́ mi. Ṣùgbọ́n nílé, ta ni èmi tí n máa sọ fún Prof pé òwú kan kù?" Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á: ènìyàn méjì á jọ ka gbogbo òwú àti aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀ sókè kí wọ́n tó gé ara, wọ́n á kọ ọ́ sára pátákó, wọ́n á tún un kà kí wọ́n tó rán an. Wọ́n hun fọ́nrán kan mọ́ wọn lára tí yóò hàn bí wọ́n bá ya àwòrán inú ara. Lọ́jọ́ kan, láìpẹ́ lẹ́yìn tó dé Lọ́ńdọ̀nù, iye kò pé. Ọ̀gá ní òun ti wò, kò sí nínú ara, kí wọ́n fún òun ní okùn tí òun yóò fi rán an. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ti tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé. Ni mo bá ní, 'Iye kò pé, sà.' Mo tilẹ̀ fi sà kún un." Ọ̀gá dúró. Wọ́n wá inú ara, wọ́n wá ilẹ̀, wọ́n bá a nínú ìpẹ̀kun aṣọ ìbora. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú. "Mo lọ sẹ́yìn, mo sunkún. Kò sì sẹ́ni tó bú mi."

Ó ní gbogbo wọn ni wọ́n máa ń fi ìtàn obìnrin kan kọ́. Elaine Bromiley ni, ẹni ọdún 37, abiyamọ, tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ imú tí kò le ní ọdún 2005. Lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún lóorun, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀, àgbà ni wọ́n nínú iṣẹ́, ń gbìyànjú láti ki túùbù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n tún ń gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì kan ti gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń dá ọ̀fun lu wá, ó sì sọ pé ó ti wà nílẹ̀. Òmíràn ti pe yàrá ìtọ́jú àkànṣe pé kí wọ́n tọ́jú ibùsùn; wọ́n wò ó bí ẹni tó ń ṣe àṣejù, ó sì fagi lé e. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá. Ọkọ rẹ̀, Martin Bromiley, awakọ̀ òfuurufú ni. Níbi iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni kékeré inú ọkọ̀ ní ẹ̀tọ́, ó tilẹ̀ jẹ́ dandan fún un, láti sọ fún ọ̀gá pé a fẹ́ já. Kò lọ wá ẹni tí yóò fi sẹ́wọ̀n. Ní 2007 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn oníṣègùn bí ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí ọkàn bá gbóná.

Mo ní ṣèbí àwa náà ní òwe tiwa, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Ó fi ìka mú ṣàkì. "Ibi ìnáwó la ti ń pa á. Ẹ ò gbọ́ ọ nínú tíátà rí."

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òyìnbó bí èyí mọ́ ọn. Lórí ògiri wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé Àǹtí sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwé kan wà tó ń sọ fún mọ̀lẹ́bí pé bí ara aláìsàn wọn bá ń burú sí i tí wọ́n sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n lè pè, tọ̀sán-tòru, kí àwọn oníṣègùn mìíràn wá wò ó. Òfin Martha ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí wọ́n fi sọrí náà ni Martha Mills, tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà ìsinmi, tí ẹ̀yà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pancreas fara pa, tí wọ́n sì gbé e wá sí King's, ní Denmark Hill yìí kan náà. Kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sọ ọ́. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀. Ó kú ní òpin oṣù Kẹjọ 2021, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 14. Ní 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú ní bí wọ́n bá ti tètè gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe ni, ó ṣeé ṣe jù kó yè. Ìyá rẹ̀, Merope Mills, oníròyìn ni, obìnrin tó mọ ìwé tó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ní ìlú ara rẹ̀, ní èdè abínibí rẹ̀. Bí a bá pa òun lẹ́nu mọ́, ìyá wo láti Rye Lane ló máa rí i sọ? Òun ló jà títí tí òfin náà fi bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ní ilé ìwòsàn tó lé ní 140 ní England.

Èyí gan-an ló tú mi wò. Mo ti ń rò pé àìlówó ló sọ wá di ẹni tó ń dákẹ́, pé níbi tí owó bá wà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ á yanjú fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkúnlẹ̀ kò sí nínú àṣà wọn, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni ní sà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ àwọn náà dákẹ́ níwájú ọ̀gá títí ènìyàn fi kú. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé lẹ́yìn ikú, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi orúkọ òkú sọ òfin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Láti oṣù Kọkànlá 2014, òfin ti mú un ní dandan fún ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ pé bí wọ́n bá ṣe aláìsàn lọ́ṣẹ́, kí wọ́n sọ fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Àwa ńkọ́? Lẹ́yìn ikú, a máa ń ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dára fún ẹni tó ń sọ̀fọ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ìjábọ̀ ilé ìwòsàn.

Mo tún fẹ́ sọ èyí: ìwé tí wọ́n ń kà yẹn kì í ṣe ońdè. Ní Ontario ní Kánádà, nígbà tí ìjọba fi dandan lé e, àwọn olùwádìí wo ilé ìwòsàn 101, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014, wọn kò sì rí ìdínkù gidi nínú iye àwọn tó ń kú. Nọ́ọ̀sì ará Iléṣà náà ní kò yà òun lẹ́nu. Ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, ọjọ́ wà tí wọ́n ń ka ìwé náà tí ọ̀gá ń wo fóònù, tí wọ́n ń sàmì sí i láìgbórí sókè. Lọ́dọọdún, iṣẹ́ abẹ ibi tí kò yẹ ni ó máa ń pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣìṣe tí England ní kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ láéláé. Ọfà ara itan kò wúlò bí kò bá sẹ́ni tó wò ó.

N kò sì ní fi ẹnu tún ohun tó bàjẹ́ nílé ṣe. Láti òpin 2024 wọnú 2025, UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tó ti ń kọ́ dókítà láti 1957, wà láìsí iná ìjọba fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ nítorí gbèsè owó iná. Ìbéèrè kò lè tan gílóòbù. Dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tó ti forúkọ sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju 10,000 lọ, mo sì rí díẹ̀ nínú wọn pẹ̀lú okùn orúkọ lọ́rùn. Ta ló kù sílé láti ka ìwé náà fún? Ṣùgbọ́n ẹ wo Benin tó bá wa pààlà, níbi tí àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà. Láàárín 2016 sí 2017, ọkọ̀ ojú omi ilé ìwòsàn àwọn Mercy Ships gúnlẹ̀ sí Kútọnu, àwọn olùkọ́ wọn sì mú ìwé àyẹ̀wò yìí lọ sí ilé ìwòsàn 36 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ṣì ń lò ó. Owó Benin nígbà náà kò ju tiwa lọ.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti gbé Àǹtí dìde. Ó ké, ó pe orúkọ ìyá wa, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn dé béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní báyìí kò bínú mọ́. Ó kà á jáde kí wọ́n tó béèrè tán, ọjọ́ ìbí ti bàbá wa, pẹ̀lú ohùn ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ. Ó ní òun ti ń gbádùn rẹ̀. Nígbà tó délé, àwọn ará Rye Lane gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n ń béèrè ìgbà tó máa padà sórí àgbo. Ó ní òun máa pe ilé ìwòsàn kọ́kọ́. Ìyá ẹlẹ́ran wò ó bí ẹni tó ti di Kèfèrí.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo gba Queen's Road kọjá, mo wo ilé tí wọ́n fi àmì búlúù sí, nọ́ńbà 164. Harold Moody ló gbé ibẹ̀, ọmọ Jàmáíkà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1904, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní King's, tó gba ẹ̀bùn nínú ìdánwò, tí wọ́n sì kọ̀ láti gbà síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní Peckham ní 1913, ọdún kan náà tí ilé ìwòsàn yẹn kó wá sí Denmark Hill. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1931 láti jà fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní báyìí, àwọn aláwọ̀ dúdú ló kún wọ́ọ̀dù tí mo ti ń bọ̀, ọmọbìnrin tó ní kí ọ̀gá dúró sì lè jẹ́ ọmọ Iléṣà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ènìyàn yín wọ tíátà nílé, ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò kùn ún lóorun, kí ẹ sì rí onítọ̀hún sójú. Ẹ ní kí wọ́n fi kálámù sàmì sí ibi tí wọn yóò gé nígbà tí ojú aláìsàn ṣì là. Ẹ sọ gbogbo àgbo tó ti mu, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa bú yín. Ẹ̀yin ọ̀gá dókítà wa, bí nọ́ọ̀sì kékeré bá ní iye òwú kò pé, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tún un kà.